Lọ́fínńdà àti Awọ Ara Wa

Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ àgbà sọ ní Ọjà-Ọ̀dàn

A mọ̀ pé oko ni àwọn mìíràn nínú yín ti ń bọ̀, àwọn mìíràn kò sì tíì palẹ̀ àtẹ wọn mọ́ tán tí wọ́n fi sáré wá. A kì yóò dá yín dúró ju bí ó ti yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá wà lára olúkúlùkù wa bí a ti jókòó yìí. Ó wà nínú ọṣẹ tí a fi wẹ̀, nínú ìpara tí a fi para, nínú pòmédì tí ó wà ní irun wa. Òórùn dídùn ni. Ìran wa fẹ́ràn òórùn dídùn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ìyàwó tí a ń sìn relé ọkọ kò gbọdọ̀ rùn, ẹni tí ó ń lọ sí ilé Ọlọ́run kò sì ní fẹ́ kí ẹni tí ó jókòó tì í fi ọwọ́ bo imú. A kò wá sọ fún yín pé kí ẹ da lọ́fínńdà yín nù. Ohun tí a wá sọ ni pé òórùn dídùn a máa ba awọ ara ẹlòmíràn jẹ́, àti pé ẹni tí ó bá mọ̀wé kà lè rí orúkọ ohun tí ó ń bá a jà ní ẹ̀yìn ìgò, kí ó sì yẹra fún un.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ náà. Lavender ni òyìnbó ń pe òdòdó kan tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí àlùkò, tí wọ́n ń gbìn ní ilẹ̀ Faransé àti ní àwọn ilẹ̀ mìíràn. Àwa ni a sọ orúkọ òdòdó kan ṣoṣo yìí di lọ́fínńdà, tí a sì fi ń pe gbogbo omi olóòórùn dídùn, ìbáà jẹ́ òdòdó ni wọ́n fi ṣe é, ìbáà jẹ́ èèpo igi. Nínú òróró òdòdó náà ni ohun kan wà tí ń jẹ́ linalool. Ẹ fi orúkọ yìí sí apá kan ná, a ó padà bá a.

Ẹnìkan lè wí pé, "Òdòdó ni, ewé ni, kí ni ewé lè fi ènìyàn ṣe?" A ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ nínú ọjà yìí. Àwọn tí ń kó ọjà bọ̀ láti Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, àti àwọn tí ń kó o bọ̀ láti Èkó, wọ́n mọ̀ pé bí a bá ti kọ ọ́ sí ara páálí pé inú ewé àti gbòǹgbò ni ìpara kan ti wá, owó rẹ̀ a gbéra sókè. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ bá wa dá sí i. Ṣé ohun oko kọ́ ni wèrèpè ni? Ẹ̀rọ òyìnbó kan kò ṣe é. Ta ni nínú wa tí yóò já a, tí yóò fi para? Pé Ọlọ́run ni ó dá ohun kan kò fi hàn pé awọ ara ni ó dá a fún.

Bí ẹ bá bó ọsàn lálẹ́, ẹ wo àwọn ọmọ bí wọ́n ti ń tẹ èèpo rẹ̀ sí iná fìtílà. Iná náà a máa ta pàrà, wọn a máa rẹ́rìn-ín. Òróró inú èèpo ọsàn ni iná ń mú bẹ́ẹ̀. Bí a bá pín òróró yẹn sí ọ̀nà 100, ó ju ọ̀nà 90 lọ tí ó jẹ́ ohun kan ṣoṣo, limonene ni orúkọ rẹ̀. Koríko ọba, tí àwọn kan ń pè ní ewé tíì, ní citral. Kànáfùrù tí ẹ ń tà lórí àtẹ ní eugenol. Òun ni imú yín ń gbọ́ nígbà tí ehín bá ń dun ènìyàn, tí ó sì há kànáfùrù mọ́ ọn. Ilé iṣẹ́ òyìnbó náà lè ṣe irú wọn, ṣùgbọ́n inú ewé ni wọ́n ti kọ́kọ́ wà. Awọ ara kì í béèrè ibi tí wọ́n ti wá.

Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò sì dà bí wèrèpè ní ọ̀nà kan, kí ẹ má baà ṣì wá gbọ́. Kò sí ara tí wèrèpè kò lè yún. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò fi linalool àti limonene para títí di ọjọ́ ogbó, tí nǹkan kan kò ní ṣe wọ́n. Ara àwọn díẹ̀ ni ó ń kọ̀ ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti gbọ́.

Báwo ni ara ṣe ń kọ nǹkan? Ó yẹ kí èyí tètè yé àwa ará ẹnu ibodè. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa ni àwọn ẹ̀ṣọ́ wà, tí wọ́n ń ṣọ́ ohun tí ń wọlé bí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ti ń ṣọ́ ọ̀nà Ìdìròkò. Ohun olóòórùn náà a kọjá lójú wọn lónìí, a tún kọjá lọ́la, wọn kò ní bi í léèrè. Ó lè kọjá bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan, ó lè kọjá fún ọdún mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀ṣọ́ kan a wò ó tìfura-tìfura, a sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn arúfin. Láti ìgbà náà lọ, bí ó bá ti fi ojú hàn, ẹ̀ṣọ́ a fọn fèrè, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì tú jáde. Ìjà tí wọ́n ń jà lábẹ́ awọ ni àwa ń rí lókè: ara wíwú, ìyún, ìléròrò, awọ tí ń bó. Wọn kì í sì í pa orúkọ náà rẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ ohun kan lè yẹra fún un fún ọdún púpọ̀. Ní ọjọ́ tí ó bá tún fi para, àwọn ẹ̀ṣọ́ yóò dá a mọ̀.

Èyí ni ó ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Ẹ máa ń wí pé, "Láti ìgbà tí mo ti wà ní omidan ni mo ti ń lo ìpara yìí, òun kọ́." Òun lè ni. Ìjà náà kì í sì í bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó sábà máa ń tó ọjọ́ kan tàbí méjì kí ìyún tó dé. Ẹni tí ó fi lọ́fínńdà kan ọrùn lọ sí ìsìn ní ọjọ́ Àìkú, ó lè di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí ọrùn náà tó yún. Bí ó bá sì ṣe pé ọjọ́ Ajé ni ó jẹ ẹja ní ilé ẹnìkan, ẹja ni yóò ru ẹ̀bi.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ta ìpara, ẹ fi etí sí èyí. Linalool àti limonene tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ láti inú ewé kò fi bẹ́ẹ̀ mú ara bínú. Atẹ́gùn ni ó ń yí wọn padà. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Gothenburg ní ilẹ̀ Sweden, tí obìnrin kan tí ń jẹ́ Ann-Therese Karlberg wà lára wọn, tọ ipa ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n fi hàn pé bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ sí àwọn òróró wọ̀nyí ni wọ́n ń di ohun mìíràn tí awọ ara tètè ń kọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí òróró ẹ̀pà máa ń dà bí a bá ṣí i sílẹ̀ pẹ́ títí. Nítorí náà, ìgò tí a ti ṣí láti ọdún tó kọjá, tí ó wà lórí àtẹ nínú oòrùn láti àárọ̀, tí gbogbo oníbàárà ń ṣí, tí wọ́n ń gbọ́ òórùn rẹ̀, tí wọ́n sì ń dé e padà, kì í ṣe ohun kan náà mọ́ pẹ̀lú èyí tí ó jáde ní ilé iṣẹ́. Ẹ gbé e sábẹ́ òjìji, kí ẹ sì máa dé e dáadáa.

Nísinsìnyí a ó sọ ti ìyá kan. A kì yóò dárúkọ rẹ̀ tàbí àdúgbò rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn gbọ́. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, gàrí ni ó ń tà. Ìyálé rẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, ó ra ìgò òróró olóòórùn dídùn méjì bọ̀, ó mú ọ̀kan, ó fún un ní ọ̀kan. Inú ìyàwó dùn. Ó ń fi kan ọrùn, ó ń fi kan ẹ̀yìn etí àti ọrùn ọwọ́. Oṣù mẹ́ta kọjá. Ni ibi tí ó ń fi òróró kàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í yún. Ó le, ó sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìpéǹpéjú rẹ̀ wú, bẹ́ẹ̀ ni kò fi òróró kan ojú rí. Ọwọ́ ni ó ń gbé e débẹ̀, awọ ìpéǹpéjú sì fẹ́lẹ́ púpọ̀.

Ẹ mọ ohun tí ayé wí. Àwọn kan ní ó ń bóra. Àwọn kan ní ìyálé ti fi nǹkan sí i, nítorí ìyálé ń lo tirẹ̀, ara rẹ̀ sì ń dán. Ẹjọ́ náà le! Ọjọ́ kan náà ni wọ́n rà á, ọwọ́ ẹnìkan náà ni wọ́n ti rà á, ọ̀kan ń dán, ọ̀kan ń bó. Ẹni tí kò mọ ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ nípa àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀, kí ni kò ní fi ṣe ọwọ́ ayé? Ọkọ wọn kò bá ìyálé sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì. Wọ́n kọ̀ fún àwọn ọmọ láti máa jẹun pọ̀. Ìyàwó náà ná owó gàrí. Ó ra ìpara inú túùbù lórí àtẹ, irú èyí tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú rẹ̀. Ìyún náà rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí ó sì dáwọ́ dúró, ó tún padà dé. (Irú ìpara bẹ́ẹ̀, bí a bá ń lò ó láìsí dókítà, a máa sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìwé.)

Nọ́ọ̀sì kan ni ó bi í ní ìbéèrè tí ó yẹ: "Ìyá, kí ni ẹ ń fi kan ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí tí ẹ kì í fi kan ibòmíràn?" Ó ní kí ó kó gbogbo ohun olóòórùn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àti òróró, àti ìpara, àti pòmédì, àti ọṣẹ. Kí ó fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ tí kò ní òórùn wẹ̀, kí ó sì fi òrí lásán para, òrí tí ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan sí. Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé, ìyún ti lọ. Dúdú náà ni kò tètè lọ. Lára ènìyàn dúdú bíi tiwa, kì í rọrùn láti rí pípọ́n tí àwọn ìwé òyìnbó ń sọ. Dúdú ni a ń rí, ó sì lè gba oṣù púpọ̀ kí ó tó ṣí kúrò. Ẹni tí ó bá fi ìpara abóra lé e kí ó lè tètè lọ, ó tún ń dá ìyọnu mìíràn sí ara rẹ̀ lọ́rùn ni.

Lẹ́yìn náà ni ó gbé ìgò náà wá sí kíláàsì. Lẹ́tà rẹ̀ kéré, ó fi ìka tọ̀ ọ́. Ó ka PARFUM. Ó ka LIMONENE. Ó ka GERANIOL. Ó dúró pẹ́ lórí LINALOOL, nítorí O méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn. Nígbà tí ó délé, ó kó ọṣẹ àti pòmédì rẹ̀ jọ, ó sì rí LINALOOL lára àwọn náà. Ó mú ìgò lọ sí ọ̀dọ̀ ìyálé rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún un. Ìyálé kò mọ̀wé. Ó ní kí ó tún un kà. Wọ́n ti ń kí ara wọn báyìí. A kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má ṣe rò pé Ọjà-Ọ̀dàn nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ Japan, láàárín 1960 sí 1980, ojú àwọn obìnrin púpọ̀ dúdú kiribiti, ẹlòmíràn kò tilẹ̀ yún púpọ̀. Àwọn dókítà wọn wádìí títí, wọ́n sì rí i pé inú àtíkè àti ìpara ojú ni ọ̀ràn wà. Lára àwọn tí wọ́n mú ni òróró òdòdó jasmine àti òróró òdòdó ylang-ylang, òdòdó tí òórùn rẹ̀ dùn gan-an. Ní 1977 àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn èròjà náà kúrò, àwọn tí àrùn náà ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú sì dín kù.

Èwo gan-an ni ó ń bá ìyá wa jà nínú orúkọ mẹ́ta tí ó kà? Kíkà nìkan kò lè sọ ìyẹn. Ọ̀nà kan wà tí àwọn dókítà awọ ara ń gbà mọ̀ ọ́n, dókítà ará Jámánì kan, Josef Jadassohn, ni ó fi í han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1895. Wọn a fi díẹ̀díẹ̀ nínú ohun kọ̀ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aláìsàn, wọn a fi sílẹ̀ fún wákàtí 48, wọn a ṣí i wò, wọn a sì tún wò ó ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin. Ibi tí ó bá wú ni ó ń tọ́ka sí ọ̀daràn. Ní ilẹ̀ wa, Yétúndé Mercy Olumide, tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa awọ ara ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìdí-Àràbà, Èkó, kọ̀wé jáde ní 1985 àti 1987 lórí àrùn awọ tí ohun ìfarakàn ń fà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà. Kì í ṣe òórùn nìkan ni ó ń fà á o; irin nickel inú yẹtí àti aago ọwọ́ olówó pọ́ọ́kú náà wà níbẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá le, kí ó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìlaròó, kí ó sì béèrè fún ìwé tí yóò mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn tàbí Èkó. Bí ojú bá wú dí, tàbí tí ọyún bá ń jáde, kí ó lọ lọ́jọ́ náà.

A ti ń fi ẹnu kan àwọn orúkọ. Ẹ jẹ́ kí a sọ bí wọ́n ṣe dé ẹ̀yìn ìgò. Tẹ́lẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn ilé iṣẹ́ ń kọ, PARFUM, ohunkóhun tí ì báà wà lábẹ́ rẹ̀. Ní 2003 àwọn orílẹ̀-èdè tí ó parapọ̀ ní Yúróòpù ṣòfin pé ohun olóòórùn 26 kò gbọdọ̀ fara pamọ́ mọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti ju ìdá kan nínú 100,000 lọ nínú ìpara tí a ń fi sílẹ̀ lára, tàbí ìdá kan nínú 10,000 nínú ọṣẹ tí a ń ṣàn dànù, dandan ni kí a kọ orúkọ rẹ̀. Òfin náà mú ilé iṣẹ́ láti 2005. Ní 2023 wọ́n tún fi kún un, iye wọn sì ju 80 lọ. Púpọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ ohun tí ó wà nínú ewé, èso àti òdòdó. Ní tiwa, àjọ NAFDAC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1993, ní kí a kọ èròjà ìpara sí ara rẹ̀. Èyí tí kò bá ní ìwé kankan lára, kí ẹ bi ẹni tí ó pò ó ohun tí ó fi sí i. Bí kò bá fẹ́ sọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Inú wa dùn sí ohun kan: bí ọjà náà gba ọwọ́ Faransé wọlé, bí ó gba ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọlé, orúkọ àwọn èròjà wọ̀nyí kì í sábà yí padà. LINALOOL ni ní Kútọnu, LINALOOL ni ní Èkó. Ẹ kà á bí ẹ ti ń ka Yorùbá, ẹ gé e wẹ́wẹ́: LI-NA-LOOL. LI-MO-NENE. GE-RA-NI-OL. EU-GE-NOL. CI-TRAL, C kò sí nínú a-b-d wa, ẹ kà á bí S níbí. AQUA tí ẹ ó máa rí níwájú, omi ni. Ohun tí ó bá pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ. SANS PARFUM tàbí FRAGRANCE FREE, wọn kò fi òórùn sí i. Ẹ ṣọ́ra fún UNSCENTED, nítorí nígbà mìíràn wọ́n ti fi òórùn kan bo òmíràn mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí NATURAL tàbí NATUREL tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀yìn.

Bí ẹ bá ra ìpara titun, ẹ fi díẹ̀ pa ìtẹ̀wọ́ ìgbọ̀nwọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ méje, ó sàn kí ó tó ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kò bá sí ìyún, ẹ lè fi para. Ẹ má dán ọṣẹ wò bẹ́ẹ̀, ọṣẹ kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ lára.

Ti ọsàn wẹ́wẹ́ yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn kan ń fi omi rẹ̀ pa abíyá àti ọrùn, wọn a sì bọ́ sínú oòrùn. Oòrùn àti omi ọsàn a pa awọ náà pọ̀ jó, a sì fi àpá dúdú sílẹ̀ bí ẹni pé nǹkan ṣàn lára. Èyí kì í ṣe kíkọ̀ tí ara kọ̀ ọ́, ó lè ṣe ẹnikẹ́ni. Ní 1916 ni dókítà kan tí ń jẹ́ Freund kọ ọ́ sílẹ̀ nípa omi olóòórùn tí wọ́n fi èèpo irú ọsàn kan, bergamot, ṣe. Bí ẹ bá fi ọsàn kan ara, ẹ fi omi ṣàn án kúrò kí ẹ tó jáde.

Ní ti ilé ìjọsìn, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè ṣòro. Láti ìgbà tí Samuel Bilewu Oshoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run wá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947, lọ́fínńdà ti di ohun àdúrà lọ́dọ̀ àwọn ará wa púpọ̀, àwọn Mùsùlùmí náà sì fẹ́ràn òróró olóòórùn fún Jímọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ̀ ọ́, kí ó bá olórí rẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n máa fi kan etí aṣọ rẹ̀ dípò awọ. Aṣọ tí ó bá fi ara kan ọrùn kò sàn ju ọrùn lọ o. Etí ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n fi kàn.

Ní ìpàdé tí ó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ìgò kan tàbí páálí kan wá láti ilé, ìbáà jẹ́ ọṣẹ, ìbáà jẹ́ ìpara ọmọ. A ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì kọ àwọn orúkọ tí a bá rí sára pátákó. Kí ẹni tí ó ní awò ojú má gbàgbé rẹ̀ sílé, nítorí àwọn tí ń tẹ ìwé ẹ̀yìn ìgò fẹ́ràn lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí ẹyin èèrà.